Nígbà Tí Ọlẹ̀ Bá Sọ: Ẹ̀sìn, Òfin àti Oyún Ṣíṣẹ́ láti Èkó dé Àjàṣẹ́

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àáfáà àti pásítọ̀ tí ẹ jọ jókòó sórí ìlà kan náà lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ti iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì wá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó wá bẹ̀ mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbí rọra sọ àkòrí ọ̀rọ̀ náà sí mi létí ni, bí ẹni tó fẹ́ ra oògùn tí kò fẹ́ kí ará ilé mọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọdún 30 tí mo fi ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, kò sì sí orúkọ tí wọn kò fi pe ọ̀rọ̀ yìí létí mi rí. "Nọ́ọ̀sì, nǹkan oṣù mi ló dúró, mo fẹ́ kó wá." "Màmá, ẹ bá mi fọ inú mi." "Ibà ló ń ṣe ọmọ yìí, ibà ìsàlẹ̀ ikùn." Ibà ìsàlẹ̀ ikùn! Kò sẹ́ni tó ń pè é ní orúkọ rẹ̀. Èmi á pè é lónìí: oyún ṣíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861. Ọmọ Èkó tó bá ka ìtàn ìlú rẹ̀ mọ ọjọ́ yẹn dáadáa. Ọjọ́ náà ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí Èkó fi bọ́ sábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ ogun Prometheus wá dẹ́rù bà á lójú ọ̀sà. Ohun tí wọn kì í kọ́ wa ni pé lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, àṣẹ Ọbabìnrin Victoria bà lé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Offences Against the Person Act. Abala 58 nínú òfin yẹn ní obìnrin tó bá gbìyànjú àtiṣẹ́ oyún ara rẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni tó bá bá a ṣe é, lè lọ sẹ́wọ̀n gbére. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ so ọ̀kan mọ́ èkejì. Àkókò ló kàn pàdé. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí mo ti rí i, kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gba Èkó ni wọ́n ṣe òfin tí àwa wá ń pè ní àṣà wa.

Nígbà tó di 1916, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan ṣoṣo dé fún gbogbo Nàìjíríà. Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n ti wo àwòkọ rẹ̀, níbi tí adájọ́ kan tó ń jẹ́ Samuel Griffith ti kọ ọ́. Ẹ wo ìrìn àjò òfin: ó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó yà sí Ọsirélíà, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Abala 228 ní ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́ oyún yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229 ní obìnrin fúnra rẹ̀ yóò ṣe ọdún 7. Abala 230 ní ẹni tó fún un ní oògùn tàbí irinṣẹ́ yóò ṣe ọdún 3. Abala 297 ló ṣí fèrèsé kékeré kan sílẹ̀: dókítà tó bá ṣiṣẹ́ abẹ nítorí àtigba ẹ̀mí ìyá là kò jẹ̀bi. Ní òkè Ọya, ìwé òfin tiwọn tó dé ní 1960 kò jìnnà sí èyí.

Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan dìde nínú ìpàdé tó ní, "Àṣà wa lòdì sí i, àwọn òyìnbó ló fẹ́ gbé e wọlé," mo máa ń béèrè pé: òyìnbó wo? Ti 1861 ni, àbí ti òde òní? Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò pọ̀ ju ìyẹn lọ. A máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọn ẹlẹ́sìn wà lápá kan odò, àwọn tí kò fi ẹ̀sìn wọn nǹkan wà lápá kejì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Odò náà la àárín ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, ó la mọ́ṣáláṣí kọjá, ó la ilé ẹjọ́ kọjá. Mo ti rí i tó la àárín èèyàn kan ṣoṣo kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan jáde, torí èdè wa rántí ohun tí àwa ti gbàgbé. Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 1 ẹsẹ 41, Màríà lọ kí Èlísábẹ́tì. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ fún wa ní "ọlẹ̀ sọ" nínú Èlísábẹ́tì. Wọn ò wá ọ̀rọ̀ lọ sọ́nà jíjìn; ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò ni wọ́n mú. Ìyá àgbà tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ohun tí ọlẹ̀ sọ jẹ́: ohun tó wà nínú ti ń mira, ìyá ti mọ̀ ọ́n lára, oyún ọ̀hún ti ń lọ sí oṣù kẹrin, ìkarùn-ún. Ṣáájú ìgbà yẹn, oyún ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá a máa fọwọ́ pa ikùn, a máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe wa. A ní wọ́n ṣẹ́ oyún, bí ẹni ṣẹ́ ẹ̀ka igi. A ní oyún bàjẹ́, oyún wálẹ̀. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá mi rí pé wọ́n "pa" oyún. Orí àga ìwàásù ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "pípa ọmọ inú", mo sì ti di nọ́ọ̀sì nígbà yẹn. N kò ní ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Mo ní ọ̀rọ̀ tuntun ni, ọ̀rọ̀ tuntun a sì máa gbé ìdájọ́ tuntun dání.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọlẹ̀ sọ tiwọn. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ wọn kọ́kọ́ ṣòfin lórí oyún ṣíṣẹ́ ní 1803, ẹni tó bá fún obìnrin ní májèlé lẹ́yìn tí ọlẹ̀ ti sọ, ikú ni. Tó bá jẹ́ kí ọlẹ̀ tó sọ, ìyà rẹ̀ fúyẹ́. Ní 1837 ni wọ́n pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Kí ló dé? Ọwọ́ àwọn dókítà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí obìnrin mọ̀ lára kì í ṣe ẹ̀rí, pé ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ohun tó wà nínú ti ń dàgbà kó tó mira. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ló mú òfin le nígbà yẹn, kì í ṣe ìwàásù. Ẹnu obìnrin tó lóyún ni wọ́n sì gba ẹ̀rí kúrò.

Ṣọ́ọ̀ṣì wá ńkọ́? Kí ẹnikẹ́ni má ṣi mí gbọ́: kò sí ìgbà kankan tí ṣọ́ọ̀ṣì yin ẹni tó ṣẹ́ oyún. Tertullian, òǹkọ̀wé ìjọ àtijọ́, ọmọ Carthage ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, ti bá a jà ní nǹkan bí ọdún 197. Ohun tí àwọn baba ìjọ ń jiyàn lé lórí ni ìgbà tó di ìpànìyàn. Ìwé Ẹ́kísódù orí 21 ló dá a sílẹ̀: tí àwọn ọkùnrin bá ń jà tí wọ́n kọlu aboyún, tí oyún sì jáde, owó ìtanràn ni wọn yóò san fún ọkọ, àmọ́ tí nǹkan bá ṣe, ẹ̀mí dípò ẹ̀mí. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì, wọ́n yí i: wọ́n ní ìyàtọ̀ wà láàárín oyún tó ti ní àwòrán èèyàn àti èyí tí kò tíì ní. Augustine, ọmọ Áfíríkà mìíràn, di ìyàtọ̀ yẹn mú. Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé ìjọ Kátólíìkì, tẹ̀lé Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì àtijọ́, ẹni tó ní ọkùnrin a máa ní àwòrán lọ́jọ́ 40, obìnrin lọ́jọ́ 90. Ẹ má bi mí ìdí tí obìnrin fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ló ka ọjọ́ náà.

Ní 1588, Póòpù Sixtus Karùn-ún ní kò sí ìyàtọ̀ mọ́, ìyà ìpànìyàn ni fún gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló lò, Gregory Kẹrìnlá dá a padà sí bó ṣe wà. Ó di 1869 kí Pius Kẹsàn-án tó pa ìyàtọ̀ náà rẹ́ pátápátá nínú ìyà tí ìjọ ń fi jẹni. Ẹ fi 1869 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1861. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ìgbàgbọ́ láti ìṣẹ̀ǹbáyé, bí òfin ìjọ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, kò dàgbà ju àwọn bàbá àgbà àwọn bàbá wa lọ.

Àwọn onítẹ̀bọmi ẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín Kátólíìkì. Ní 1971, ìpàdé ńlá àwọn Southern Baptist ní Amẹ́ríkà, àwọn tí míṣọ́nnárì wọn dá ìjọ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, dìbò pé kí wọ́n ṣòfin tí yóò gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè tó bá jẹ́ pé ìfipábánilòpọ̀ ló fà á, tàbí tí ọmọ inú bá ní àléébù tó le, tàbí tí yóò ba ìlera ìyá jẹ́, ìlera ọkàn rẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Nígbà tó di 1980, wọ́n ti yí padà gbáà. Bíbélì tí wọ́n ń kà ní 1971 náà ni wọ́n ń kà ní 1980.

Ẹ̀yin àáfáà, ó kàn yín. Nínú Súrà Al-Mu'minūn, ẹsẹ 12 sí 14, Ọlọ́run Ọba sọ bí Òun ṣe ń dá èèyàn láti orí àtọ̀ dé ẹ̀jẹ̀ dídì, dé ègé ẹran, dé egungun, tí Òun wá fi ẹran bo egungun, kí Òun tó sọ ọ́ di ẹ̀dá mìíràn. Hádíìsì, ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Ibn Mas'ūd gbà wá, tó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, ka ọjọ́ 40 lọ́nà mẹ́ta, kí màláíkà tó wá fẹ́ ẹ̀mí sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 120, oṣù mẹ́rin. Ẹ rí i? Ìgbà tí ọlẹ̀ ń sọ náà nìyẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ 120, gbogbo mádhábù, ìyẹn àwọn ọ̀nà ìtumọ̀ òfin Ìsìláàmù bíi Hanafi àti Maliki, ló pa ẹnu pọ̀ pé èèwọ̀ ni, àyàfi tí ẹ̀mí ìyá bá fẹ́ bọ́. Ṣáájú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pín sí. Ọ̀pọ̀ àwọn Hanafi gbà á láàyè tí ìdí bá wà. Àwọn Maliki ló le jù, ti Maliki sì ni àwa ń tẹ̀lé ní Ìlọrin, Ìbàdàn àti Ìwó: ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn ní kò sí àyè fún un látìgbà tí àtọ̀ bá ti dúró nínú ilé ọmọ.

Síbẹ̀, Tunisia, tí òun náà jẹ́ ilẹ̀ Maliki, ti gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láti 1973, ọdún méjì ṣáájú Faransé tó kó wọn lẹ́rú. Ìtumọ̀ wo ni àáfáà kan máa fún ìyẹn? Ọ̀kan sọ fún mi pé olórí orílẹ̀-èdè wọn nígbà náà, Bourguiba, kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Òmíràn ka ẹsẹ 233 nínú Súrà Al-Baqarah fún mi, níbi tó ti ní a kò gbọdọ̀ ni ìyá lára nítorí ọmọ rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń kírun.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí tiwa, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹnì kan á ní àwọn baba wa kò mọ oyún ṣíṣẹ́. Irọ́ ni. Àwọn ìyá àgbà mọ ewé tí ń mú nǹkan oṣù wá, wọ́n sì mọ èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Ẹlòmíràn, ọmọ iléèwé gíga lọ́pọ̀ ìgbà, á ní àwọn baba wa kò rí nǹkan kan sí i, pé ìsìn àjèjì ló kó ìtìjú wá. Irọ́ nìyẹn náà. Ìlú tó ń pe ọmọ ní aṣọ, tó ń fi orin bú àgàn lójú agbo, kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo oyún. Tí a bá rí aboyún, a ó ní, "Kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o," torí Òrìṣàńlá ni a gbà pé ó ń mọ ara ọmọ nínú ikùn, bí amọ̀kòkò. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ ni. Èèyàn kì í wọ ilé oníṣẹ́ ọnà lọ fọ́ ohun tó ń mọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń sọ tí nǹkan bá bàjẹ́. Tí oyún bá wálẹ̀, tàbí tí ọmọ tuntun bá kú, a kì í jókòó sọ̀rọ̀ ọmọ lọ títí. Ìyá ni a ń kí. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ẹ gbé e yẹ̀wò. Omi níyì. Ẹni tó rìn lọ sódò lẹ́ẹ̀rùn mọ̀ bó ṣe níyì tó. Àmọ́ agbè ni ẹni tó wá kíni ń wò: tí agbè bá wà, a ó tún pọn omi. Nínú gbólóhùn méjì yẹn, àwọn baba wa ti sọ èyí tó ṣáájú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ọmọ tó lọ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fọwọ́ ara ẹni dà nù. Ó yàtọ̀. N kò ní òwe náà fọwọ́ sí ohunkóhun. Mo kàn ní nínú ìṣirò àwọn baba wa, ìyá kì í ṣe ohun èlò tí a kó ọmọ sí. Ìyẹn kò sí nínú abala 228.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí pé bí ẹ̀sìn bá ti kúrò ńlẹ̀, ara á tu obìnrin: ẹ jẹ́ ká dé Ròmáníà. Ìjọba Kọ́múníìsì ni wọ́n, wọn kò gba Ọlọ́run gbọ́ nínú ìwé wọn. Ní 1966, olórí wọn, Nicolae Ceaușescu, gbé àṣẹ 770 jáde, ó fòfin de oyún ṣíṣẹ́ àfi fún àwọn díẹ̀ kan, torí ó fẹ́ kí èrò pọ̀ nílé iṣẹ́ àti nínú ológun. Ó le débi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wo inú obìnrin níbi iṣẹ́ wọn. Àwọn obìnrin lọ ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, wọ́n sì kú lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí ìjọba rẹ̀ ṣubú ní oṣù kejìlá 1989, wíwọ́gi lé àṣẹ náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ikú àwọn ìyá sì já wálẹ̀ láàárín ọdún kan. Ní Ṣáínà, ìjọba tí kò ní ẹ̀sìn bákan náà ṣe òdìkejì: ó fipá ṣẹ́ oyún àwọn obìnrin tó fẹ́ bímọ. Àwọn méjèèjì kò bẹ Ọlọ́run. Àwọn méjèèjì kò sì bi obìnrin.

Ní Bìrìtéènì, ọ̀nà gba ibòmíràn. Ní 1938, dókítà kan tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ oyún fún ọmọbìnrin ọdún 14 tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sá. Ó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn pé kí wọ́n wá mú òun, kí kóòtù lè sọ ohun tí òfin 1861 túmọ̀ sí. Wọ́n dá a sílẹ̀, adájọ́ sì ní ìyá tí ìbànújẹ́ yóò sọ di aláìlera pátápátá kò jìnnà sí ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé nígbà tó dàgbà, tí wọ́n fẹ́ ṣòfin tó gbòòrò, ó lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó ń ta kò ó. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn náà ló ń kígbe pé kí wọ́n má ṣí i gbalaja. Ẹni tó sì gbé òfin 1967 tó gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè wọlé, David Steel, ọmọ àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Scotland ni. Ẹ dákun, ta ni ẹlẹ́sìn nínú àwọn méjèèjì?

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pa òfin rẹ̀ dà ní 1967, àwa ti gba òmìnira ní ọdún méje ṣáájú. A di tiwọn àtijọ́ mú. Ní 1981, àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ aboyún gbé àbá òfin kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ṣubú. Àwọn olórí ẹ̀sìn ta kò ó, ìyẹn kò yani lẹ́nu. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó tóbi jù, National Council of Women's Societies, náà ta kò ó, wọ́n ní yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di oníṣekúṣe. Mo rántí ọ̀gá mi kan nígbà náà, obìnrin tó mọ̀wé tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní òfin náà kò gbọdọ̀ kọjá, torí àwọn ọkùnrin ni yóò jàǹfààní rẹ̀: wọ́n á fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún, wọ́n á fún un lówó D&C, ìyẹn fífọ inú ní ọsibítù, wọ́n á máa lọ. Mo ṣì ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Ó wá ku Èkó àti Àjàṣẹ́. Èkó yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ ìwé 1916, ó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011, ó sì fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdí tí dókítà fi lè ṣẹ́ oyún. Fún ọdún 11, kò sí dókítà tó mọ ibi tí ààlà náà wà. Ní òpin oṣù kẹfà 2022, iléeṣẹ́ ìlera ìpínlẹ̀ náà gbé ìwé ìlànà olójú-ewé 40 jáde láti ṣàlàyé rẹ̀. Ìwé náà kò yí òfin padà. Àlàyé lásán ni. Àmọ́ ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti wọ́gi lé ẹ̀tọ́ sí oyún ṣíṣẹ́ tó ti wà níbẹ̀ láti 1973, gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ oyún. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì figbe ta, àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kọmíṣọ́nnà fún ìlera, Akin Abayomi, fi dá ìwé náà dúró, pé kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìpínlẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún aráàlú.

Ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ wà, àwọn aṣòfin jókòó ní oṣù kẹwàá 2021. Òfin 2003 wọn ti gbà á tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá bá wà nínú ewu, tó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀, tàbí tí ọmọ inú bá ní àìsàn tó le. Wọ́n wá fi kún un pé títí di ọ̀sẹ̀ 12, obìnrin lè béèrè fún un tí oyún bá fẹ́ kó o sínú ìnira owó, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ọkàn. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tibẹ̀ náà figbe ta, kò sì sí ẹni tó fẹ̀sùn pé wọn kò kígbe tó. Mínísítà ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, dáhùn pé ó tó 200 obìnrin tí ń kú lọ́dọọdún ní Bẹ̀nẹ̀ nítorí wàhálà oyún ṣíṣẹ́. Wọ́n dìbò, ó sì kọjá.

Yorùbá wà ní Kétu, wọ́n wà ní Sábẹ̀ẹ́, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kátólíìkì wọn kò yàtọ̀ sí ti wa, Maliki ni àwọn Mùsùlùmí wọn, àwọn abọ̀rìṣà wọn tilẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n wà ní ìhín, àbúrò wà ní ọ̀hún. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn nìkan ló ń pinnu, òfin wọn ì bá bá tiwa dọ́gba. Lójú tèmi, ohun tó yàtọ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n fi ṣáájú. Ní Èkó, wọ́n bi wá bóyá ó tọ́ láti ṣẹ́ oyún, a sì dáhùn bí olúkúlùkù ṣe gbàgbọ́. Ní Àjàṣẹ́, mínísítà ka òkú fún wọn.

Tiwa ńkọ́? Guttmacher Institute, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ní 2012, oyún tó tó 1.25 mílíọ̀nù ni wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 1996, iye tí wọ́n fojú díwọ̀n jẹ́ 610,000. Òótọ́ ni pé èrò ti pọ̀ sí i láàárín méjèèjì, ọ̀nà ìṣirò náà sì yàtọ̀. Àmọ́ abala 228 wà níbẹ̀ ní 1996, ó wà níbẹ̀ ní 2012. Àwọn tó ṣẹ́ oyún yẹn kì í ṣe kèfèrí. Mo mọ̀ wọ́n. A jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, a jọ ń jẹ sààrì ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀kan, kí n lè dákẹ́. Ọmọ náà ń lọ sí ọdún 17. Ìyá rẹ̀ gbé e wá lóru, ọjọ́ kẹta ti kọjá lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi nǹkan tí n kò fẹ́ dárúkọ ṣe é fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oògùn kan. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, òórùn rẹ̀ sì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ kí ìyá tó lanu. Ìyá náà díákónì obìnrin ni. Mo mọ̀ ọ́n, òun náà mọ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, òun ló gbàdúrà fún "àwọn ọmọ inú tí ayé ń pa". Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé ọlọ́pàá wà lẹ́nu géètì ọsibítù, pé tí nọ́ọ̀sì bá mọ̀, yóò pè wọ́n. Ọlọ́pàá kankan kò sí níbẹ̀. Àmọ́ òfin wà níbẹ̀, ó sì mọ̀.

A ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo jáde wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò bi mí nípa ẹ̀ṣẹ̀, kò bi mí nípa ìjọ. Ó di apá mi mú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé agbè ò fọ́?"

Mo ní kò fọ́. Ẹ̀mí rẹ̀ ni mo ń sọ. Ti ilé ọmọ rẹ̀, n kò mọ̀, n kò sì purọ́ fún un.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ ibi tí èmi fúnra mi dúró sí, kí n má fi ìtàn sá. Oníbàptísì ni mí. N kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́ oyún rí tí kò bá sí ẹ̀mí ìyá nínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì tún mi bí, n kò ní ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fà ya nínú ìwé yẹn ni abala 229, ọdún 7 tí wọ́n kọ fún obìnrin fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wàásù fún un, kó wàásù. Mo ti wàásù fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Àmọ́ mo fẹ́ kó wà láàyè lọ́jọ́ ìwàásù. Kó gbé ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó má dúró di ọjọ́ kẹta. Lórí èyí tó kù, bóyá ọ̀sẹ̀ 12 ni, bóyá ọjọ́ 120 ni, bóyá ìgbà tí ọlẹ̀ bá sọ ni, mo ṣe tán láti jókòó gbọ́ yín.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ẹ bá mi gbé makirofóònù fún ìyá tó nawọ́ sókè lẹ́yìn yẹn, ó ti pẹ́ tó ti ń nà án.